Gọ́ńbò Louisiana nílé: bí a ṣe ń yan ìyẹ̀fun tí ọbẹ̀ náà fi ń dùn

Ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀ rí, tí ó sì lè se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù láìjẹ́ pé ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ènìyàn nílò láti se oúnjẹ Louisiana, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, nílé. Ohun tí ó kù fún un láti kọ́ ni bí a ṣe ń yan ìyẹ̀fun nínú òróró, ohun tí àwọn ará Louisiana ń kọ ní roux, tí wọ́n sì ń pè ní rúù. Ibẹ̀ ni gọ́ńbò ti ń dára, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń bàjẹ́. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ra ata oríṣi márùn-ún, tí wọ́n wá sọ́séèjì gidi dé ọjà kejì, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 5 péré yan ìyẹ̀fun, tí ẹnu sì wá yà wọ́n pé ọbẹ̀ náà ń rùn bí ìyẹ̀fun tútù. Nítorí náà, ìdí ìyẹ̀fun yìí ni a ó ti pẹ́ jù. Jambalaya, ìrẹsì alásèpọ̀ tiwọn, àti ẹ̀wà pupa oní-ìrẹsì yóò tẹ̀lé e ní ṣókí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya orúkọ méjì tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn Faransé ni wọ́n tẹ ìlú New Orleans dó ní ọdún 1718, ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn ẹrú wá láti Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní Louisiana láti ọdún 1719. Lẹ́yìn náà ni ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Sípéènì fún bí ogójì ọdún, kí Amẹ́ríkà tó wá ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1803. Àwọn tí a bí sí ibẹ̀ láyé ìgbà náà, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe dúdú, ìbáà ṣe àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pò pọ̀, ni à ń pè ní Creole, oúnjẹ wọn sì jẹ́ oúnjẹ ìlú ńlá, tí tòmátì, bọ́tà àti àwọn ohun inú òkun pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti àwọn Cajun, ilẹ̀ Acadia ní Kánádà, níbi tí Nova Scotia wà lónìí, ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1755, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì forí lé Louisiana ní ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì tẹ̀dó sí àbàtà àti pápá tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn New Orleans. Oúnjẹ oko ni tiwọn: ìkòkò kan ṣoṣo, ẹran tí a yan lórí èéfín, àti ìyẹ̀fun tí a yan títí ó fi dúdú. Ààlà yìí kì í ṣe ògiri o, nítorí gọ́ńbò wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí tòmátì nínú ìkòkò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀nà Creole ni alásè náà ń tọ̀.

Orúkọ gọ́ńbò fúnra rẹ̀ wá láti inú èdè àwọn ará Àǹgólà, tí wọ́n ń pe ilá ní ki ngombo, nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé gọ́ńbò jẹ́ ọbẹ̀ ilá kò ṣì í sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ gọ́ńbò ni kò ní ilá kankan nínú lónìí. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn obìnrin adúláwọ̀ máa ń kiri àkàrà ìrẹsì gbígbóná ní ojú pópó New Orleans láyé àtijọ́, calas ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan so orúkọ yìí pọ̀ mọ́ kara, orúkọ tí àwọn Nupe, aládùúgbò wa ní òkè odò Ọya, ń pe irú oúnjẹ dídín bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní láti sọ fún wa ìbátan tí ó wà láàárín rẹ̀ àti àkàrà.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Gọ́ńbò adìẹ àti sọ́séèjì ni mo yàn fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó máa ń fara da àṣìṣe ju ti edé àti akàn lọ. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí yóò tó ènìyàn 8. Ẹ wá ìyẹ̀fun àlìkámà lásán, tí wọn kò tíì po ohun tí ń mú búrẹ́dì wú mọ́, ní ife 1, èyí tí ó tó gíráàmù 125, àti òróró ẹ̀pà tàbí òróró mìíràn tí kò ní òórùn, òun náà ní ife 1, èyí tí ó jẹ́ mílílítà 240. Ẹ má lo epo pupa, ẹ má sì lo bọ́tà fún rúù dúdú, nítorí pé bọ́tà yóò ti jó kí ìyẹ̀fun tó dé ibi tí a ń lọ. Ẹ ra adìẹ kílò 1 àbọ̀, kí itan pọ̀ nínú rẹ̀. Sọ́séèjì yíyan gíráàmù 500. Àlùbọ́sà ńlá 2. Tàtàṣé ńlá kan tí ó ṣì ní àwọ̀ ewé, tí kò sì ta. Ọ̀pá sẹ́lẹ́rì 3. Ẹyọ aáyù 6. Ewé bélíìfù 3. Táìmù gbígbẹ àti ata dúdú lílọ̀, ṣíbí ìmutíì 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ata gígún ìdajì ṣíbí ìmutíì. Àlùbọ́sà eléwé ìdì 1. Àti pásílè díẹ̀ bí ẹ bá rí i.

Àlùbọ́sà, sẹ́lẹ́rì àti tàtàṣé aláwọ̀ ewé ni àwọn ará Louisiana, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, ń pè ní Mẹ́talọ́kan Mímọ́. Àlùbọ́sà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù. Sẹ́lẹ́rì ni ó máa ń ṣòro jù láti rí nílé. Àwọn tí ń ta ewébẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Jos sábà máa ń ní in. Bí ẹ kò bá rí i rárá, igi pásílè tí ẹ gé wẹ́wẹ́ yóò dí àyè náà díẹ̀. Ẹ má fi ẹfinrin rọ́pò rẹ̀, nítorí òórùn ẹfinrin yóò gba gbogbo ìkòkò, ọbẹ̀ mìíràn pátápátá ni yóò sì jáde. Bákan náà ni irú, tí èmi fúnra mi fẹ́ràn púpọ̀: kò ní iṣẹ́ kankan níbí.

Sọ́séèjì tí wọ́n ń lò ní Louisiana ni andouille, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a gé gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí a fi aáyù àti ata sí, tí a sì yan lórí èéfín títí ó fi ṣókùnkùn. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè lo sọ́séèjì màlúù tàbí ti tòlótòló, bí ó bá ṣá ti jẹ́ èyí tí a yan. Èéfín ni à ń wá lára rẹ̀. Sọ́séèjì rírọ̀ inú agolo kò ní èéfín, yóò sì fọ́ sínú ọbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ rí, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì ra ọrùn tàbí apá tòlótòló yíyan ní ọjà, kí ẹ sè é mọ́ adìẹ. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tí ó béèrè sọ́séèjì.

Omi ẹran ni a ó sè ṣáájú ohun gbogbo. Adìẹ àgbà, irú èyí tí ó ti yé ẹyin títí tí wọ́n wá tà á lówó pọ́ọ́kú, ni ó máa ń fún ọbẹ̀ yìí ní adùn jù. Àwọn ìdílé Cajun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń pa àgbébọ̀ fún gọ́ńbò. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ fi àlùbọ́sà kan mìíràn, yàtọ̀ sí 2 tí a kà sókè, tí ẹ là sí méjì, èèpo sẹ́lẹ́rì àti omi lítà 3 sè é lórí iná díẹ̀ títí ẹran yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, èyí tí ó lè gba wákàtí 1 àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ adìẹ tí ẹran rẹ̀ rọ̀ ni ẹ rà, egungun àti ìyẹ́ apá nìkan ni kí ẹ fi ṣe omi ẹran, kí ẹ sì fi iyọ̀ àti ata dúdú pa ara àwọn ẹran yòókù, kí ẹ dín in títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sẹ́ omi náà, lítà 2 àbọ̀ ni a nílò. Ẹ má fi mágì sí i. Sọ́séèjì ní iyọ̀ nínú, omi ọbẹ̀ náà yóò sì dín kù, ohun tí ó bá dùn ní ìbẹ̀rẹ̀ lè di iyọ̀ gidi ní ìparí.

Yíyan ìyẹ̀fun

Ẹ gé gbogbo nǹkan tán kí ẹ tó tan iná. Mo tún un sọ nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: láti ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ti kan òróró, ẹ kò ní ráyè fi í sílẹ̀ láti lọ bó àlùbọ́sà. Ẹ lo ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, irin ni ó dára jù. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń gbóná lójú kan, yóò sì jó ìyẹ̀fun níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì funfun. Orógùn igi tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni ohun èlò tí ó yẹ, nítorí ó lè ha gbogbo ìdí ìkòkò, pàápàá kọ̀rọ̀ tí ìdí ti pàdé ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìyẹ̀fun ti máa ń sá pamọ́ sí tí yóò sì jóná. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò ní ilé ìdáná, ẹ sì wọ aṣọ alápá gígùn. Rúù gbóná ju omi híhó lọ fíìfíì, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara bí ó bá ta síni.

Ẹ kọ́kọ́ fi òróró díẹ̀ dín sọ́séèjì tí ẹ ti gé ní róbótó títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí ẹ kó o jáde. Ọ̀rá tí ó yọ́ láti inú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ òróró kí àpapọ̀ wọn jẹ́ ife 1. Ẹ dá a padà sínú ìkòkò, kí iná má pọ̀ kí ó má sì kéré jù, kí ẹ jẹ́ kí ó gbóná débi pé bí ẹ bá wọ́n ìyẹ̀fun kín-ń-kín sí i, yóò hó díẹ̀. Ẹ wá da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí kóróbójó kankan kò fi ní sí nínú rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ojú àti imú ni aago yín. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, yóò dà bí ẹ̀kọ mímu tí ó ki, yóò sì máa hó kúṣẹ́kúṣẹ́, òórùn ìyẹ̀fun tútù yóò sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú 8 tàbí 10, òórùn búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde láti inú ààrò ni ẹ ó máa gbọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, àwọ̀ rẹ̀ yóò di ti ẹ̀pà tí a yan tí a sì lọ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì bá a mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ dúró níbí nítorí pé apá ti ń ro wọ́n, ibí sì tó fún ọbẹ̀ edé, ṣùgbọ́n kò tó fún ti adìẹ. Ẹ máa rò ó lọ. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò pọ́n bí kọ́bọ̀ àtijọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 35 sí 45, yóò di àwọ̀ kòkó tí a yan, yóò sì fúyẹ́ lábẹ́ orógùn, òórùn rẹ̀ yóò sì wà láàárín ti ẹ̀pà yíyan àti ti kọfí. Ibẹ̀ ni à ń lọ. Bí àwọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ẹ dín iná kù, nítorí àyípadà tí ó gba ìṣẹ́jú 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í gba ju ìṣẹ́jú 1 lọ nígbà yìí.

Bí ẹ bá rí ẹyọ dúdú kéékèèké tí ó ń léfòó, tàbí tí òórùn náà bá ta yín nímú bí ìgbà tí ìwé ń jó, rúù náà ti bàjẹ́. Ẹ dà á nù, ẹ fọ ìkòkò, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí àtúnṣe fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo gbé fóònù tí wọ́n pè mí láti Ìbàdàn, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ gbólóhùn méjì kò lè ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí mo padà dé ìdí ìkòkò, ìdí rẹ̀ ti dúdú. Mo wá fi tòmátì, ata àti ṣúgà bò ó, mo sì gbé e fún àlejò. Wọ́n jẹ ẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìkorò náà kò bò, ìyẹ̀fun ife kan tí mi ò fẹ́ dà nù sì gba adìẹ odidi kan lọ́wọ́ mi.

Nǹkan kan wà tí ó máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú: bí rúù bá ṣe ń dúdú tó ni agbára rẹ̀ láti mú ọbẹ̀ ki ń dín kù tó, nítorí pé ooru pípẹ́ máa ń fọ́ èròjà inú ìyẹ̀fun tí ń mú nǹkan ki. Nítorí náà gọ́ńbò dúdú kì í ki bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, bí ọbẹ̀ ata tí ó ṣàn díẹ̀ ni ó ń rí. Ẹ má ṣe fi ìyẹ̀fun kún un ní ìparí kí ó lè ki.

Ẹni tí apá kò gbà fún, tàbí tí ó fẹ́ dín òróró kù, lè tẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú páànù, kí ó gbé e sínú ààrò tí ó gbóná tó ìwọ̀n 180 ní Celsius, kí ó máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá fún nǹkan bí wákàtí kan, títí yóò fi ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan. Yóò wá fi omi ẹran tútù pò ó kí ó tó dà á sínú ìkòkò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti inú òróró.

Láti orí rúù dé orí ìrẹsì

Bí àwọ̀ bá ti tó, ẹ da àlùbọ́sà, sẹ́lẹ́rì àti tàtàṣé tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò pariwo, ooru yóò sì sọ, nítorí náà ẹ fa ojú yín sẹ́yìn. Omi inú àlùbọ́sà ni ó máa dá yíyan náà dúró, kí rúù má baà kọjá ibi tí a fẹ́. Ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 8 títí àlùbọ́sà yóò fi rọ̀. Ẹ fi aáyù sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 1 sí i.

Omi ẹran tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ ó máa fi ìgbakọ bù sí i, ìgbakọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì rò ó dọ́gba kí òmíràn tó wọlé. Bí omi náà bá ń hó yaya, yóò ta òróró sí yín lára. Lẹ́yìn ìgbakọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ẹ lè da ìyókù sí i. Ẹ fi ewé bélíìfù, táìmù, ata dúdú, ata gígún àti sọ́séèjì sí i; ẹ jẹ́ kí ó hó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá dín iná kù kí ó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdé e, fún wákàtí 1. Òróró yóò léfòó sókè. Ẹ fi ṣíbí bù ú kúrò, kí ẹ má ṣe ojo nídìí rẹ̀, nítorí pé ó ti ṣe iṣẹ́ tí a gbé fún un. Lẹ́yìn wákàtí náà ni adìẹ yóò wọlé. Èyí tí ẹ dín nìkan yóò lò tó ìṣẹ́jú 40, kí ó lè jinná dé egungun. Àgbébọ̀ tí a ti sè tẹ́lẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tọ́ iyọ̀ wò. Ẹ wọ́n àlùbọ́sà eléwé àti pásílè sí i, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí a kò lè rí nílé bọ̀rọ̀: filé, èyí tí í ṣe ewé igi sassafras tí a sá gbẹ tí a sì gún kúnná. Àwọn Choctaw, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, ni wọ́n fi han àwọn àlejò wọn. Orí tábìlì ni a ti ń wọ́n ọn sínú abọ́, bí ìdajì ṣíbí ìmutíì fún ẹnì kan, yóò sì mú ọbẹ̀ ki, kí ó sì yọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá dà á sínú ìkòkò tí ó ń hó, yóò fà bí okùn, kò sì ní ṣeé jẹ. Ẹni tí kò bá ní i kò pàdánù púpọ̀. Ní ayé àtijọ́, ilá ni wọ́n ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilá wà, filé sì ni ti ìgbà òtútù. Wọn kì í sábà lo méjèèjì pọ̀ nínú ìkòkò kan.

Bí ẹ bá fẹ́ ti ilá àti edé, ẹ dá rúù dúró ní àwọ̀ ẹ̀pà. Ibí ni ọwọ́ wa àti ọwọ́ tiwọn ti yàtọ̀: àwa máa ń fi káún sí ilá kí ó lè yọ̀, àwọn sì máa ń dín in kí ó má baà yọ̀ jù. Ẹ gé ilá gíráàmù 400 ní róbótó, ẹ fi òróró díẹ̀ dín in lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa rò ó títí okùn rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹ tó dà á mọ́ ọbẹ̀. Èèpo àti orí edé ni kí ẹ fi ṣe omi ọbẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré sì tó fún un. Akàn lè wọlé ní ìṣẹ́jú 20 tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n edé kò gbọ́dọ̀ wọlé títí yóò fi ku ìṣẹ́jú 4. Bí ó bá ti pọ́n tí ó sì ká, ó ti jinná, ẹ pa iná.

Ìrẹsì funfun lásán ni a fi ń jẹ ẹ́, tí a sè lọ́tọ̀ láìfi nǹkan sí i ju iyọ̀ lọ. Ẹ má bu ìrẹsì bí òkè kí ẹ tó da ọbẹ̀ lé e bí a ti ń ṣe. Òkìtì kékeré kan ni a ń gbé sí àárín abọ́ jíjìn, ọbẹ̀ yóò sì yí i ká. Gọ́ńbò máa ń dùn sí i ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké kí ó tètè tutù, kí ó sì wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lọ́jọ́ náà.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé gọ́ńbò ewébẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gumbo z'herbes, tí ó yẹ kí ó wu àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀fọ́ rírò. Leah Chase, alásè tí gbogbo ayé mọ̀ ní New Orleans, tí ó sì jáde láyé ní ọdún 2019, máa ń sè é ní ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde ní ilé oúnjẹ Dooky Chase's. Ewé oríṣiríṣi ni wọ́n ń sè papọ̀ tí wọ́n sì ń lọ̀, iye rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Wọ́n gbà pé iye ewé tí ó bá wọ ìkòkò ni iye ọ̀rẹ́ tuntun tí alásè yóò ní lọ́dún náà. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre yóò ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ewúro gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fọ̀ dénú.

Jambalaya

Ẹni tí ó mọ jọ̀lọ́ọ̀fù yóò rò pé òun ti mọ jambalaya, kò sì jìnnà sí òtítọ́. Ti Creole jẹ́ pupa nítorí tòmátì; ti Cajun kò ní tòmátì, àwọ̀ igi ni ó ní, ìdí ìkòkò ni àwọ̀ náà sì ti ń wá. Ti Cajun ni mo yàn, nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ kan tí jọ̀lọ́ọ̀fù kò kọ́ wa. Ẹ dín adìẹ gíráàmù 700 tí kò ní egungun àti sọ́séèjì gíráàmù 400 nínú ìkòkò irin títí èèpá pupa rúsúrúsú yóò fi lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ kó ẹran jáde, ẹ da àlùbọ́sà 3 tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì fi omi tí àlùbọ́sà ń mú jáde ha èèpá náà. Bí ó bá gbẹ, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ tún jẹ́ kí ó lẹ̀, kí ẹ tún ha á, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25, títí àlùbọ́sà náà yóò fi ní àwọ̀ igbá. Ẹ fi tàtàṣé aláwọ̀ ewé, sẹ́lẹ́rì, aáyù, táìmù àti ata sí i, ẹ dá ẹran padà, kí ẹ da omi ẹran sí i.

A kì í bọ ìrẹsì jambalaya tẹ́lẹ̀. Tútù ni yóò wọ inú omi híhó. Fún ìrẹsì gígùn lásán ife 2, omi ẹran ife 3 àbọ̀ tó. Fún irú èyí tí wọ́n ti fi ooru omi sè kí wọ́n tó dì í sínú àpò, tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa, ife 4 ni. Kí omi náà ní iyọ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ díẹ̀, nítorí ìrẹsì yóò fà á mu. Bí ó bá ti hó, ẹ dé e pinpin, ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ má sì ṣí i fún ìṣẹ́jú 25. Nígbà náà ni kí ẹ fi orógùn yí i láti ìsàlẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tún dé e fún ìṣẹ́jú 10 láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ríro léraléra ni ó ń sọ ọ́ di tùwó.

Ẹ̀wà pupa ti ọjọ́ Ajé

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀ ní New Orleans àtijọ́, nítorí náà àwọn obìnrin máa ń gbé ẹ̀wà kaná ní àárọ̀ pẹ̀lú egungun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù láti ọjọ́ Àìkú, kí ó lè máa se ara rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn wà nínú ọṣẹ. Louis Armstrong, afunfèrè tí a bí ní ìlú náà ní ọdún 1901, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orúkọ ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì ni ó máa ń fi parí lẹ́tà rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀wà olóyin tàbí dúrùkú ni o, ẹ̀wà pupa ńláńlá tí ó rí bí kíndìnrín ni, ó sì ní ohun kan tí ẹ̀wà tiwa kò ní: bí kò bá jinná, ó ní májèlé tí ó lè mú kí ènìyàn máa bì kí inú sì máa ṣu ú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ rẹ gíráàmù 450 sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ da omi rírẹ náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é kí ó hó yaya fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dín iná kù rárá. Ìkòkò oníná mànàmáná tí ń se nǹkan pẹ̀lú ooru kékeré láti àárọ̀ dé alẹ́ kò yẹ fún un bí kò bá tíì hó bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Nínú ìkòkò mìíràn, ẹ dín sọ́séèjì, ẹ fi Mẹ́talọ́kan àti aáyù sí ọ̀rá rẹ̀ kí wọ́n rọ̀, kí ẹ da ẹ̀wà náà sí i pẹ̀lú ewé bélíìfù 2, táìmù, egungun tòlótòló yíyan tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, àti omi tí yóò bò ó mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Kí ó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí 2, kí ẹ sì máa bu omi gbígbóná sí i bí ó bá ń gbẹ. Iyọ̀ á wọlé nígbà tí ẹ̀wà bá ti rọ̀. Ẹ wá bu ìgbakọ ẹ̀wà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ fi ẹ̀yìn ìgbakọ tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ rò ó padà sínú ìyókù, kí ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15 sí i. Omi ẹ̀wà náà yóò ki láìlo ìyẹ̀fun kankan. Bí ó bá ń ṣàn láàárín ìrẹsì síbẹ̀, ẹ tẹ ìgbakọ kẹta fọ́.